Òòfà oòrùn tún ti yí padà: ta ló ń ṣọ́ ọ, láti ìgbà wo?

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀_Ọ̀yọ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mò ń ṣe, GPS olówó ńlá tó ń wọn ilẹ̀ dé orí sẹ̀ǹtímítà la sì ń lò. Láti bí ọdún méjì síhìn-ín, bí mo bá pẹ́ lóko títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ̀rọ yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, pàápàá ní oṣù Kẹta sí Ìkẹrin àti oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá. Á ní òun ò rí sátẹ́láìtì mọ́. Tó bá tún rí i, á fi mítà méjì ṣìnà. Ọ̀gá wa kan ní oòrùn ni. Mo ní, "Oòrùn tó ti wọ̀ kẹ̀?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé oòrùn wà ní òtéńté ìyípo ọdún 11 rẹ̀, ìgbà tó máa ń jà jù, pé òòfà tó wà lókè rẹ̀ ti bọ́ sísàlẹ̀, tìsàlẹ̀ sì ti gòkè.

Mo wádìí rẹ̀, mo rí i pé ọ̀gá ò ṣàwàdà. Ohun tí kò yé mi ni pé ta ló gbé kọ́ńpáàsì dé ibẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ó yí, ta ló sì ń ṣọ́ ọ tó lè sọ pé ó "tún" yí?

Àpọ́n_Mókọ́lá

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí iná tàn nínú ilé ná, ká tó máa bá oòrùn ṣẹjọ́ òòfà. Àbí òun ló fa ooru tó ń mú wa yìí? Kí n kúkú mọ ẹni tí mo máa bú.

Olùkọ́_Físíìsì

@Àpọ́n, wá ẹlòmíràn bú. Láàárín ìgbà tí oòrùn bá dákẹ́ jù àti ìgbà tó bá ń jà jù, ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 lọ. Ooru Mókọ́lá kò sí lọ́wọ́ òòfà.

@Wọnlẹ̀wọnlẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ oko. Kò sí ẹni tó gbé kọ́ńpáàsì lọ, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí. Bí a bá fọ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ òṣùmàrè, a máa rí àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín nínú rẹ̀. Irin, hydrogen àti àwọn èròjà mìíràn tó wà lójú oòrùn ló fa ìlà wọ̀nyẹn. Ní 1896, ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan tó ń jẹ́ Pieter Zeeman gbé iná sáàárín òòfà ńlá, ó sì rí i pé irú ìlà bẹ́ẹ̀ ń fẹ̀. Bí òòfà bá lágbára tó, ìlà kan á pín sí méjì tàbí mẹ́ta. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1902, òun àti Lorentz.

Ní 1908, George Ellery Hale dojú awò kọ àwọn àbàwọ́n dúdú tó máa ń wà lójú oòrùn, lórí òkè Mount Wilson ní California, ó sì rí ìlà tó pín. Ó ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 3,000 gauss (gauss ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà). Òòfà ayé tiwa yìí tó ń yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, kò ju 0.25 sí 0.65 gauss lọ. Ìgbà yẹn ni ọmọ èèyàn kọ́kọ́ rí òòfà níbòmíràn yàtọ̀ sí ayé.

Ìdáhùn sí "ta ló ń ṣọ́ ọ": láti oṣù Kìíní ọdún 1917 ni wọ́n ti ń ya àwòrán àbàwọ́n oòrùn ní Mount Wilson lójoojúmọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń yà á. Mo tún ṣe é, PẸ́ŃSÙ.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀_Ọ̀yọ́

Ẹ̀gbọ́n, pẹ́ńsù báwo? Báwo ni èèyàn ṣe ń fi pẹ́ńsù wọn òòfà?

Olùkọ́_Físíìsì

Ilé gogoro kan wà níbẹ̀ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 150, 1912 ni wọ́n parí rẹ̀. Méjì ni ní tòótọ́, ọ̀kan nínú èkejì: irin tó gbé awò dúró wà nínú irin oníhò tí kò kàn án rárá, kí atẹ́gùn má baà máa mi awò náà. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á wọ inú apẹ̀rẹ̀ kékeré kan tí wáyà ń fà gòkè, á lọ ṣí òrùlé, á tún dígí ibẹ̀ ṣe kó kọjú sí oòrùn, á sì sọ̀ kalẹ̀. Nísàlẹ̀, àwòrán oòrùn ti bọ́ sórí tábìlì, ó fẹ̀ tó nǹkan bí íǹṣì 17. Á tẹ́ bébà lé e, á máa fi pẹ́ńsù tọ ẹsẹ̀ àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ló kan òòfà. Ihò kan wà lábẹ́ ilé náà tó jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 70 lọ. Ìmọ́lẹ̀ àbàwọ́n yẹn á wọnú ihò lọ, á fọ́ sí àwọ̀, á padà wá sókè. Ẹni náà á wo ìlà irin tó pín, á máa tẹ gílásì kan síwá-sẹ́yìn títí ìlà méjèèjì á fi bára mu. Bí gílásì náà ṣe tẹ̀ tó ni yóò fi mọ iye gauss. Á wá kọ lẹ́tà R tàbí V sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàwọ́n náà láti fi hàn irú òòfà tó jẹ́, á sì kọ iye rẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún gauss. Bí ẹ bá rí R24, 2,400 gauss nìyẹn.

Owó dí wọn lọ́wọ́ gan-an. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán òòfà gbogbo ojú oòrùn nínú ilé gogoro yìí kan náà dákẹ́ ní 2013. Ti pẹ́ńsù kò dákẹ́.

Bàbá_Rédíò

Mo kí yín o. Àwa tó fi rédíò ìgbì kúkúrú jẹun ti mọ oòrùn yìí tipẹ́. Bí àbàwọ́n bá pọ̀, a máa gbọ́ ìlú òkèèrè kedere lórí 28 MHz. Bó bá dọdún tí kò sí àbàwọ́n, ariwo lásán la óò máa gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan kún un, kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí má baà rò pé ìlú òyìnbó nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Láti oṣù Keje 1957 dé oṣù Kejìlá 1958, gbogbo ayé para pọ̀ ṣe ohun tí wọ́n pè ní Ọdún Ìmọ̀ Ayé ti Gbogbo Orílẹ̀-èdè. Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ta ìgbì rédíò sókè láti wọn ìpele afẹ́fẹ́ oníná tó wà lókè wa, nítorí pé ìlà agbedeméjì òòfà ayé gba orí Nàìjíríà kọjá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Onwumechili, tó padà wá jẹ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀, iná tó ń ṣàn lókè lẹ́bàá ìlà agbedeméjì yẹn ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí.

Ní àkókò yẹn gan-an, bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ní Pasadena, Harold àti Horace Babcock, ń wo oòrùn pẹ̀lú ẹ̀rọ tí àwọn fúnra wọn ṣe. Olùkọ́, ẹ bá mi sọ ìyókù, ojú ti ń ro mí.

Olùkọ́_Físíìsì

Bàbá wa, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn.

Hale rí òòfà inú àbàwọ́n nítorí pé ó lágbára. Òòfà ìkángun oòrùn, lókè téńté àti nísàlẹ̀ pátápátá, gauss díẹ̀ péré ni, ojú lásán kò lè rí i lára ìlà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àwọn Babcock ṣe ẹ̀rọ oníná tó lè wọn irú òòfà kékeré bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé oòrùn ní àríwá òòfà àti gúúsù òòfà bíi ti ayé. Wọ́n sì ń ṣọ́ ọ lọ.

Láàárín ọdún 1957, ìkángun gúúsù oòrùn yí padà. Ti àríwá kò yí! Ó fi ohun tó ju ọdún kan lọ dúró bẹ́ẹ̀, ìkángun méjèèjì jẹ́ irú òòfà kan náà, àfi ìgbà tó di oṣù Kọkànlá 1958 kí àríwá tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá sinmi fún ọdún méjì péré, bí wọ́n bá ní "a ti rí i, ó ti tó", kò ní sẹ́ni tó rí i. Àbàwọ́n òtéńté ìgbà yẹn ni ó pọ̀ jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti kà sílẹ̀ láti ayébáyé.

Hale àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti kọ ọ́ ní 1919 pé irú òòfà àwọn àbàwọ́n máa ń pààrọ̀ láti ìyípo kan sí èkejì. Nítorí náà, ọdún 11 tí wọ́n máa ń pariwo yẹn, tí àbàwọ́n fi ń pọ̀ tó sì fi ń dín kù, ìdajì ni. Kí òòfà oòrùn tó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ọdún 22 ni.

Títílayọ̀_Dátà

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo ń fi àwòrán òòfà oòrùn ṣe iṣẹ́ ìwé mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Mo bọ̀wọ̀ fún pẹ́ńsù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Láti 2010 ni sátẹ́láìtì SDO ti wà lókè. Ẹ̀rọ HMI inú rẹ̀ ń ya òòfà gbogbo ojú oòrùn ní ìṣẹ́jú àáyá 45 síra, àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì 4096 lọ́nà 4096. Kò sí kùrukùru lójú rẹ̀. SOHO, sátẹ́láìtì mìíràn, ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 1995. Nílẹ̀ pàápàá, ẹ̀rọ GONG mẹ́fà yí ayé ká: California, Hawaii, Ọsirélíà, Íńdíà, erékùṣù Canary àti Chile, kí oòrùn tó wọ̀ fún ọ̀kan, ó ti yọ fún òmíràn. Kí la tún ń fi ilé gogoro ọdún 1912 ṣe? Owó tí wọ́n ń wá kiri fún un, kí wọ́n fi ṣe tuntun.

Àpọ́n_Mókọ́lá

Ẹ wò ó, mẹ́fà yí ayé ká, kò sí ọ̀kan ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Mo kàn ní kí n sọ ọ́.

Bàbá_Rédíò

Títílayọ̀ ọmọ mi, ó dáa, o mọ̀wé. Jẹ́ kí n bi ọ́: HMI yìí, ọdún mélòó ló ti wà lókè?

Títílayọ̀_Dátà

Ó ti lé ní ọdún 15, bàbá.

Bàbá_Rédíò

Ìyípo òòfà kan ńkọ́?

Títílayọ̀_Dátà

😀 Bàbá, mo ti mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ọdún 22. Kò tí ì rí ọ̀kan tán.

Olùkọ́_Físíìsì

Ibẹ̀ gan-an ni. Ilé ìwòràwọ̀ Wilcox ní Stanford ti ń wọn òòfà ìkángun oòrùn láti oṣù Karùn-ún 1976, ẹ̀rọ kan náà, ọ̀nà kan náà, ìlà irin kan náà. Àwòrán rẹ̀ kò ṣeé fi yangàn: oòrùn fẹ̀ tó ìṣẹ́jú-ìgun 32 (òun ni wọ́n fi ń wọn fífẹ̀ ohun ojú ọ̀run), 3 péré nínú rẹ̀ ni ojú ẹ̀rọ yẹn sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Síbẹ̀, nínú nǹkan bí ọdún 50 tó ti ń ṣe é, ìyípo kíkún méjì péré àti díẹ̀ ló tí ì rí. Ẹ fojú inú wo oníṣègùn tó fẹ́ kọ́ nípa àìsàn kan, tí aláìsàn tó rí láyé rẹ̀ jẹ́ méjì.

Ohun tí Wilcox fi tayọ gbogbo wọn kò ju pé ẹnikẹ́ni kò yí i padà lọ. Ní bí 2003 sí 2005, ó rí i pé òòfà ìkángun oòrùn ti di nǹkan bí ìdajì iye tó jẹ́ ní ìyípo tó ṣáájú. Ní 2005, Svalgaard, Cliver àti Kamide gbé e jáde pé ìyípo ọdún 11 tó ń bọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ìyípo 24, máa kéré jù láti ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 2006, àwọn mìíràn tó ní kọ̀ǹpútà alágbára jù wọ́n lọ ní rárá, pé yóò fi ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìṣáájú lọ. Òtéńté rẹ̀ dé ní oṣù Kẹrin 2014, ó kéré, bí àwọn ẹni àkọ́kọ́ ṣe wí.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀_Ọ̀yọ́

Kí ló wá so òòfà ìkángun pọ̀ mọ́ àbàwọ́n tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan?

Olùkọ́_Físíìsì

Oòrùn kì í yí bíi ti ayé. Àárín rẹ̀ ń yí láàárín nǹkan bí ọjọ́ 25, ìkángun rẹ̀ gba nǹkan bí 35. Okùn òòfà tó na láti ìkángun dé ìkángun á wá máa ká mọ́ ara oòrùn bí òwú tó ń ká mọ́ kẹ̀kẹ́ òrànwú, á le, á nípọn, apá kan rẹ̀ á bẹ́ jáde. Ibi tó ti jáde àti ibi tó ti wọlé padà ni àbàwọ́n méjì tí a máa ń rí, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, irú òòfà wọn yàtọ̀ síra. Èyí tó wà lẹ́yìn máa ń sún mọ́ ìkángun díẹ̀ ju ti iwájú lọ. Bí àbàwọ́n ṣe ń tú ká, ìṣàn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ kan, mítà 10 sí 20 ní ìṣẹ́jú àáyá, á máa gbé àjẹkù ti ẹ̀yìn lọ sí ìkángun. Ó dé ibẹ̀, ó pa òòfà àtijọ́ rẹ́, ó sì jókòó sí ipò rẹ̀. Òun náà ni òwú tí wọ́n máa ká fún ìyípo tó kàn. Horace Babcock ló kọ ọ̀pọ̀ nínú èyí sílẹ̀ ní 1961, Leighton sì fi kún un.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín o, wọn kò tí ì mọ̀ ọ́n tán. Ní 2019, ìgbìmọ̀ tí NASA àti NOAA, àjọ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní iye àbàwọ́n ìyípo 25 máa dé 115 ní oṣù Keje 2025. Nǹkan bí 161 ló dé, ní oṣù Kẹwàá 2024.

Ìyá_Ìbejì_Manchester

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwa níhìn-ín rí i lójúkojú ní òru ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 2024. Ojú ọ̀run Manchester pupa, ó tún ń ṣe àwọ̀ ewé, àwọn ọmọ mi ò fẹ́ wọlé sùn mọ́. Wọ́n ní ó ti tó ọdún 20 tí irú ìjì bẹ́ẹ̀ kò ti jà. Ṣé òòfà yìí náà ni? Ṣé wọ́n sì mọ̀ ṣáájú?

Mo tún fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ ìṣọ́: Greenwich tí wọ́n fi ń ka aago ayé, wọ́n ya fọ́tò àbàwọ́n oòrùn lójoojúmọ́ láti 1874 títí di 1976. Bí kùrukùru bá bo London, wọ́n á gba ti Cape ní Gúúsù Áfíríkà, tàbí ti Íńdíà. @Àpọ́n, ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀ nígbà yẹn o.

Títílayọ̀_Dátà

Ẹ̀gbọ́n, òòfà náà ni. Àwọn àbàwọ́n tí wọ́n pè ní 13664, ní apá gúúsù oòrùn, fẹ̀ tó bí ìlọ́po 15 fífẹ̀ ayé. Lórí àwòrán HMI, funfun ni òòfà tó ń jáde, dúdú ni èyí tó ń wọlé. Nínú àbàwọ́n tó ní sùúrù, funfun wà lọ́tọ̀, dúdú wà lọ́tọ̀. Èyí, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn pátápátá. Bí ẹ bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó máa bẹ́. Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ti ń kìlọ̀. Síbẹ̀ GPS àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà dákẹ́ lórí katakata lákòókò tí wọ́n ń gbin àgbàdo.

@Wọnlẹ̀wọnlẹ̀, tiyín yàtọ̀ díẹ̀ sí ìjì. Nílẹ̀ wa lẹ́bàá ìlà agbedeméjì òòfà ayé, bí oòrùn bá ti wọ̀, ìpele oníná òkè á ga sókè, ihò á bẹ̀rẹ̀ sí í lu nínú rẹ̀, àmì GPS á sì máa ṣẹ́jú bó ṣe ń gbabẹ̀ kọjá. Oṣù tí ẹ dárúkọ wọ̀nyẹn ló máa ń pọ̀ jù. Ọdún tí òòfà oòrùn bá ń jà, ìpele náà nípọn sí i, wàhálà náà sì ń le sí i. Ẹ wọn ilẹ̀ yín láàárọ̀, ẹ sinmi lálẹ́.

Àpọ́n_Mókọ́lá

Ṣé òun náà ni ti WhatsApp tó ní ká pa fóònù láàárín agogo 12:30 sí 3:30 òru, pé ìtànṣán ń bọ̀ wá sun wá?

Títílayọ̀_Dátà

Irọ́ funfun báláú. Ó ti ń yí kiri láti ọdún gbọọrọ, NASA kan náà ni wọ́n máa ń purọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ bàbá, nítorí mo fẹ́ jà díẹ̀ si. Mo gbà pé ọdún gígùn ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kí ẹ̀rọ kan náà wà títí láé. Ohun tó ṣe dandan ni kí ti àtijọ́ àti ti tuntun jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó pa ti àtijọ́. MDI, ẹ̀rọ òòfà inú SOHO, àti HMI jọ wo oòrùn kan náà láti 2010 dé oṣù Kẹrin 2011. Ọpẹ́lọpẹ́ èyí la fi mọ̀ pé ohun tí HMI bá pè ní 100, MDI máa pè é ní nǹkan bí 140. Ká ní wọ́n ti pa MDI kí HMI tó gbéra, a máa gbà pé òòfà oòrùn ló dín kù lójijì ní 2010, ìwé ọ̀mọ̀wé á sì ti pọ̀ lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Bàbá_Rédíò

Ìyẹn bọ́ sí mi lára. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì tó bá kú lójijì ńkọ́? Ta ló máa bá a jọ ṣiṣẹ́ pọ̀?

Olùkọ́_Físíìsì

Kò tilẹ̀ dìgbà tó bá kú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá 2024, páìpù omi bẹ́ ní Stanford, omi kún ibi tí kọ̀ǹpútà tó ń ṣe dátà HMI wà. SDO wà lókè, ara rẹ̀ le koko, ó ń ya àwòrán lọ. Ilẹ̀ ni ìṣòro wà. Wọ́n tọ́jú dátà tí wọn kò tí ì ṣiṣẹ́ lé lórí sí White Sands ní New Mexico, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣòfò. Ó gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ọ̀rọ̀ náà tó tò. GONG ló ń bá àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ òfuurufú lọ ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti 1995.

Tèmi ni pé kí méjèèjì wà. Ẹ pa ilé gogoro rẹ́ lónìí, kò sí owó tó lè padà lọ ra òòfà oòrùn ti ọ̀la tí a kò wọ̀n.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀_Ọ̀yọ́

Ó yé mi wàyí. Ìkángun tí wọ́n ń sọ yìí, ṣé wọ́n ń rí i dáadáa láti ibi tí a wà?

Olùkọ́_Físíìsì

Ìbéèrè ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Wọn kò rí i dáadáa. Oòrùn fì díẹ̀, ìwọ̀n 7.25, nítorí náà oṣù Kẹsàn-án là ń rí orí àríwá rẹ̀ díẹ̀, oṣù Kẹta là ń rí ti gúúsù, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni lọ́jọ́ gbogbo. Solar Orbiter ti ilẹ̀ Yúróòpù, tó gbéra ní 2020, ni ó fì kúrò ní ìlà wa. Ní oṣù Kẹta 2025 ó dé ìwọ̀n 17 nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ òòfà rẹ̀, tí àwọn ará Göttingen ní Jámánì jẹ́ aṣáájú rẹ̀, rí ìkángun gúúsù: àríwá òòfà àti gúúsù òòfà dàpọ̀ mọ́ra níbẹ̀, ti àtijọ́ kò tí ì lọ tán, tuntun kò tí ì gbà á tán.

Títílayọ̀_Dátà

Fún ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, àwòrán HMI wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú ọ̀kan ní 2014, ẹ mú ọ̀kan ní 2024. Ẹ wo apá òkè nìkan. Oòrùn ń yí láti òsì wá sí ọ̀tún nínú àwòrán yẹn, nítorí náà èyí tó wà lọ́tùn-ún nínú àbàwọ́n méjì ni aṣáájú. Ẹ sọ fún wa àwọ̀ tí aṣáájú jẹ́ nínú méjèèjì.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀_Ọ̀yọ́

2014: dúdú ló pọ̀ jù níwájú. 2024: funfun. Ọ̀kan tàbí méjì kò tẹ̀ lé òfin o, mo rí i.

Títílayọ̀_Dátà

Bẹ́ẹ̀ ni, aláìgbọràn díẹ̀ máa ń wà nínú wọn. Àwọn yẹn gan-an ni mo ń kọ ìwé mi lé lórí. Tí wọ́n bá tóbi, wọ́n máa ń jí lára òòfà tó yẹ kó lọ sí ìkángun, ìyípo tó kàn á sì rù.